Abà Tó Di Ahoro

Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà oko kọjá ní agbègbè Pobẹ̀ tàbí Sakété, ẹ lè rí ibi tí igi ọ̀pẹ pọ̀ sí, tí pẹrẹgún hù níbẹ̀, tí àfọ́kù ìkòkò sì wà nílẹ̀. Ẹ má pè é ní igbó lásán. Ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ahoro ni.

Kí ló dé tí àwọn abà yìí fi tú?

Èkíní ni ìyà ìjọba amúnisìn. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Lọ́dọ̀ Faransé, owó orí wà, iṣẹ́ ipá wà. Nígbà ogun 1914 sí 1918, wọ́n tún ń fi agbára mú ọ̀dọ́ ṣe sójà. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n ń gbé ilẹ̀ dúdú ẹlẹ́rẹ̀ nítòsí Pobẹ̀, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di ẹrù, wọ́n kọjá sí apá Nàìjíríà. Ọdún 1946 ni òfin tó fagi lé iṣẹ́ ipá tó dé.

Èkejì ni ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń ti Àjàṣẹ́ gba Sakété lọ sí Pobẹ̀, ibi tó ń dúró sí ni ọjà ń kún. Ta ló tún fẹ́ máa ru epo nínú ẹrẹ̀ láti abà?

Ẹ̀kẹta ni ilé ìwé àti iṣẹ́. Àwọn ọmọ lọ sí Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Èkó. Àwọn àgbà nìkan ló kù.

Ẹ wò ó, ilé ló wó, ilẹ̀ ò lọ síbì kan. Bí àgbà tó mọ ààlà bá kú, ẹlòmíràn lè ta ilẹ̀ náà. Ìjà dé nìyẹn.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ lọ sí ahoro yín pẹ̀lú àwọn àgbà àti àwọn tó bá yín pààlà. Ẹ kọ orúkọ abà náà sílẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀, àti igi tó wà ní ààlà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé yín, kí ẹ sì béèrè ní ilé mẹ́rì. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 2013 fi àyè sílẹ̀ fún ìwé tó ń jẹ́rìí sí ilẹ̀ ìdílé.

Ẹ má dúró di ìgbà tí àgbà ò ní sí mọ́.