Kásẹ́ẹ̀tì Eré Ojú Agbo ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní àwọn ọdún tí kásẹ́ẹ̀tì fi gbayé, láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, bí a bá bi ògbóǹtarìgì olólùfẹ́ fújì ní Ìsàlẹ̀ Èkó léèrè pé èwo ni ó dára jù lọ nínú iṣẹ́ olórin tí ó yàn láàyò, ó ṣọ̀wọ́n kí ó kọ́kọ́ dárúkọ àwo tí ilé iṣẹ́ ṣe. Òde àríyá ni yóò dárúkọ: ìnáwó òkú àgbà kan, ìkómọjáde kan, ọjọ́ tí ẹnì kan joyè. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni kásẹ́ẹ̀tì tí a gbà sílẹ̀ ní òde náà, tí ilé iṣẹ́ kankan kò mọ̀ nípa rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. "Live play" ni àwọn tí ń tà á ní Ìdúmọ̀tà ń pè é. Ṣùgbọ́n ojú agbo ni Yorùbá ń pe ibi tí a ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí náà eré ojú agbo ni orúkọ tí ó bá a mu jù.

Kí ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ tó lè yéni, ó yẹ kí á wo bí àwo orin ti ń dín orin kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwo ayé àtijọ́, èyí tí ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Tunde King, ọmọ Ọlọ́wọ́gbówò, tí ó wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ orin jùjú lélẹ̀, kọrin sínú irú àwo bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Parlophone ní 1936. Orin tí irú wọn ń kọ ní yàrá àlejò àwọn ará Èkó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí òru fi ń jìn, ni a gé sí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta bí ẹni ń gé iṣu fún ọmọdé. Nígbà tí àwo ńlá jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà, àyè gbòòrò sí nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ní ojú kan. Àwọn olórin wa lo àyè yìí dáadáa. Wọ́n a máa so orin mọ́ orin láìdánudúró títí ojú kan àwo yóò fi tán, nítorí pé bí wọ́n ti ń ṣe é lóde nìyẹn. Haruna Ishola pàápàá, nínú àwo rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù, èyí tí ó jáde ní 1971, ẹgbẹ́ Òròkí ti Òṣogbo ni ó ń kí, bí ẹni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jókòó níwájú rẹ̀ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀. Síbẹ̀ ogún ìṣẹ́jú kò tó àkókò tí olórin fi ń kí ìdílé ẹyọ kan ní Èkó bí owó bá ń jáde dáadáa.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1963 ni ó tú ìdè yìí. Èyí tí a ń pè ní C60 gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ojú kan, C90 sì gba márùndínláàádọ́ta. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju gígùn lọ ni pé ẹnikẹ́ni lè fi gba ohùn sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá àwo rọ nínú yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan àti bátìrì mẹ́rin lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ agbo, kí ó sì gbé eré lọ sí ilé.

Kí ni ó wà ní ojú agbo tí kò sí nínú àwo? Nígbà tí olórin bá wà ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, kò sí ẹni tí ń jó níwájú rẹ̀, ó sì ti mọ ohun tí yóò kọ. Ní òde Èkó, a ti fi àtíbàbà dí òpópónà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Olórin kò lè mọ gbogbo ohun tí yóò kọ títí yóò fi mọ ẹni tí ó wá. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan a máa fi ìwé pélébé lé e lọ́wọ́, orúkọ àwọn tí ó jókòó ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a bá kí yóò dìde, yóò jó wá síwájú, yóò sì máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Bí owó bá ṣe ń pẹ́ tó ni oríkì yóò ṣe máa gùn tó. Olórin yóò kí i, yóò kí aya rẹ̀, yóò kí bàbá rẹ̀ tí ó ti kú, yóò dárúkọ agbo ilé tí wọ́n ti wá àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Onílù yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, yóò sì fi ti ara rẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé Ọ̀bánikòró tàbí ti Àṣògbọ̀n ni ó wà lójú agbo, ìtàn Èkó ni a ń gbọ́ yẹn, láti ẹnu ẹni tí a ń sanwó fún kí ó má ṣe gbàgbé.

Níbẹ̀ pẹ̀lú ni olórin ti ń dán orin tuntun wò. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mú kí òde hó yóò tún gbọ́ ara rẹ̀ ní òde mìíràn. Èyí tí kò bá mú nǹkan wá yóò parẹ́ láìdé orí àwo. Nígbà tí Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá ń bá ara wọn takùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjà náà ti ń lọ kò ní láti dúró de àwo, nítorí èsì ọ̀rọ̀ lè jáde ní òde ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wàsíù Àyìndé, tí a bí ní Àgarawu ní 1957, tí ó bá Barrister gbé ohun èlò kí ó tó ṣe àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1980. Ẹni tí ó bá fi àwo nìkan tẹ̀ lé e yóò rò pé òjijì ni Talazo '84 já lu ìlú ní 1984.

Bí a ti ń gba eré wọ̀nyí sílẹ̀ yàtọ̀ síra, olólùfẹ́ tí etí rẹ̀ dá sì máa ń mọ ìyàtọ̀ náà kí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì tó dé ìdajì. Èyí tí ó dára jù ni èyí tí a fa wáyà rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tí ń da ohùn gbogbo pọ̀. Ohùn olórin a máa mọ́ gaara níbẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo òde a máa jìnnà, ó sì lè dà bí ẹni pé inú iyàrá ni a ti ṣeré. Èyí tí a gbé ẹ̀rọ kékeré síwájú gbohùngbohùn láti gbà a máa hó púpọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ obìnrin tí ń dáhùn oríkì ilé rẹ̀ àti ọkùnrin tí ń bẹ olórin pé kí ó má ì lọ. Láti àwọn ọdún 1980 ni fídíò tí olóde gbà fún ara rẹ̀ tún ti di ọ̀nà kẹta; ọ̀pọ̀ eré ni ó jẹ́ pé inú fídíò ìgbéyàwó nìkan ni ó kù sí.

Àbùkù kò ṣàìsí. Bí bátìrì bá ń kú lọ nígbà tí a ń gba ohùn, tẹ́ẹ̀pù yóò máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí a bá wá gbé e sí ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ pé, olórin yóò máa sáré, ohùn rẹ̀ yóò sì lọ sókè bí ti ọmọdé. Ẹ̀dà tí a ṣe láti ara ẹ̀dà a máa sọ dídùn ṣẹ́kẹ́rẹ́ nù, èyí tí ó kù a sì máa pariwo bí òjò tí ń rọ̀ sórí páànù. Èyí tí ó dunni jù ni ìgbà tí a bá ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà. Olórin kì í dúró dè é. Ìdílé tí a bá ń kí lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Irú ìfẹ́ yìí kò mọ sí Èkó. Láti 1901 sí 1903 ni Lionel Mapleson, tí ó ń tọ́jú ìwé orin ní ilé eré Metropolitan ní New York, fi ẹ̀rọ Edison gba ohùn àwọn akọrin bí eré ti ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí ó gbà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ lọ, ariwo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò jẹ́ fi í ṣeré títí di òní. Láàárín àwọn olólùfẹ́ orin rock, àwo Bob Dylan kan tí a ń pè ní Great White Wonder, tí a tà láìgbàṣẹ ní 1969, ni ó la ọ̀nà sílẹ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni ẹgbẹ́ The Who ṣe àwo eré wọn ní Leeds, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sínú àpò tí ó rí bí ti olè, kí ó lè jọ ojúlówó! Ẹgbẹ́ Grateful Dead ní tiwọn fàyè gba àwọn tí ń gba ohùn sílẹ̀; ní 1984 wọ́n tilẹ̀ ya ibi ìjókòó sọ́tọ̀ fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni owó. Ẹni tí ó gba eré sílẹ̀ tí ó sì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dà kan yàtọ̀ sí ẹni tí ó ṣe ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, tí ó sì kó wọn lọ sí ọjà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1988 láti dáàbò bo iṣẹ́ ọnà sọ ọ́ ní kedere pé olórin ni ó ní àṣẹ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀ àti lórí ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀. Òfin ti 2022, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní 2023, rọ́pò rẹ̀, ó sì pa ẹ̀tọ́ náà mọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì tí a ń yìn yìí, àìgbàṣẹ ni a fi tà á. Àwọn kan a máa sọ pé olórin ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ olóde, ó sì tún ti gba ti iwájú orí, àti pé kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí wọn yóò ti tún pè é. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí a bọ́ yó kò wí pé kí a máa ta aṣọ òun. Ohun tí ó bójú mu ni kí olùtajà bá olórin pín in, bí àwọn olórin kan tí ó gbọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn gbé eré ojú agbo wọn jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí kò kọ fújì pẹ̀lú. Bí a bá gba orí afárá kúrò ní Erékùṣù lọ sí Ìkejà, Fẹlá Aníkúlápó Kútì ni a ó bá níbẹ̀, nínú ilé eré rẹ̀ tí a ń pè ní Shrine. Àwo kan wà tí a kọ "Live!" sí lára, èyí tí òun àti Ginger Baker ṣe ní 1971, inú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní London ni a ti ṣe é, níwájú àwọn ènìyàn tí a pè wá. Ṣùgbọ́n àṣà Fẹlá ni pé orin tí ó bá ti wọ inú àwo, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tún kọ ọ́ fún ará ìlú. Ẹni tí ó bá lọ sí Shrine, orin tí kò tíì sí lórí àwo ni yóò gbọ́. Ní 1986 ó kọ Beasts of No Nation ní Detroit. Ọdún 1989 ni àwo rẹ̀ jáde, 2012 ni a sì tó gbé eré Detroit náà jáde. Àwo rẹ̀ tuntun tí ó kẹ́yìn jáde ní 1992. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997, ó ń kọ orin tuntun ní Shrine, èyí tí a kò ṣe àwo rẹ̀. Bí kò bá sí àwọn tí wọ́n gbà á sílẹ̀, a kì bá tí mọ ohun tí ó ń sọ ní ọdún márùn-ún wọ̀nyẹn, tí ìjọba ológun wà lórí oyè.

Kásẹ́ẹ̀tì kò sì ní í dúró títí. Ooru àti ọ̀rinrin ọ̀sà a máa mú kí tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ mọ́ ara wọn, ohùn a sì máa ṣá. Àwọn tí ó ní òye ti ń gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí ó kù lẹ́yìn èyí ni láti mọ ìgbà tí a ṣe eré kọ̀ọ̀kan, nítorí pé púpọ̀ nínú àpò kásẹ́ẹ̀tì, orúkọ olórin àti ti àdúgbò nìkan ni ó wà lára rẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ owó tún ti wúlò. Olórin a máa dárúkọ owó tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá pe múrí, eré náà kò lè ṣáájú 1977, nígbà tí owó ogún náírà jáde pẹ̀lú àwòrán Múrítàlá. Bí múrí bá jẹ́ owó tí ó tóbi jù ní gbogbo òru náà, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àádọ́ta náírà máà tíì dé, èyí sì dé ní 1991. Ọgọ́rùn-ún náírà dé ní 1999, igba ní 2000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní 2001, ẹgbẹ̀rún ní 2005. Bí ó bá kí ọba, ó tún rọrùn sí i: Ọba Adéyínká Oyèkàn wà lórí ìtẹ́ láti 1965 títí di 2003, Ọba Rílwánù Akíolú sì gorí oyè ní ọdún yẹn kan náà.

Orúkọ àwọn tí kò joyè ni kò ní àmì kankan tí a lè fi dá a mọ̀. Obìnrin aláṣọ kan ní Ìdúmọ̀tà, awakọ̀ kan, ìyá àgbà kan tí olórin fi orúkọ ìnagijẹ kí: àwọn tí wọ́n jọ gbé àdúgbò náà nìkan ni ó lè sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó yẹ kí a gbé ẹ̀rọ náà lọ sí iwájú wọn, kí a máa dá a dúró ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.