Fídíò ìnáwó tó wà nínú àpótí: Ẹ tètè yí i padà kí àwo tó bà jẹ́

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ya fídíò rẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní VCD. Àwo náà ṣì wà nínú àpótí nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ti bà jẹ́. Baba tó ń súre níbẹ̀ lè ti di olóògbé, kó jẹ́ pé inú àwo yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí.

Ọdún 1993 ni ìlànà VCD jáde. Inú fódà MPEGAV ni fídíò náà máa ń wà, orúkọ rẹ̀ a sì máa parí sí DAT. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní kì í lè ṣí i. MP4 ni wọ́n mọ̀ fún fídíò, MP3 fún ohùn.

Ohun tó lè yí i padà ni VLC, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris nílẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1996. Ọ̀fẹ́ ni lórí videolan.org, ẹ kò nílò láti san owó kankan fún un.

Ẹ fi àwo sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ da fáìlì DAT náà kọ sínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá ní ojú àwo, wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ọn. Ẹ ṣí VLC, ẹ tẹ 'Media', lẹ́yìn náà 'Convert/Save'. Ẹ fi 'Add' mú fáìlì náà, kí ẹ sì tẹ 'Convert/Save' tó wà nísàlẹ̀. Níwájú 'Profile', ẹ mú èyí tó ní MP4. Ẹ tẹ 'Browse' láti fún un lórúkọ tuntun, kí ẹ wá tẹ 'Start'. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò lè bá àgbà ṣe é.

Bó bá jẹ́ àdúrà tàbí oríkì nìkan ni wọ́n fẹ́ máa gbọ́, MP3 ni kí wọ́n mú. Ìyẹn ṣeé kó sínú mẹ́mọ́rì káàdì tí wọ́n ń kì bọ rédíò kékeré, tí ìyá àgbà lè máa gbọ́ nínú oko.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwòrán yóò mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwòrán inú VCD kéré, kò ju 352 níbùú àti 288 lóròó lọ, VLC kò sì lè fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Kódà, ìyípadà kọ̀ọ̀kan lè bu díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ àwo nù, ẹ má sì pa fáìlì DAT rẹ́.

Bí òní ti rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwo tó ń ṣiṣẹ́ lónìí lè kọ̀ lọ́la. Ẹ da èyí tí ẹ bá yí padà kọ sí ibi méjì, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹbí tó ń gbé ìlú mìíràn.