iROKOtv: Èrò ìwòran yàtọ̀ sí oníbàárà

Ẹni tó bá ta fíìmù rí ní Ọjà Ọba, l'Ádó-Èkìtì, mọ bí ayédèrú ṣe ń pa ojúlówó lọ́jà. Íntánẹ́ẹ̀tì ni Jason Njoku gbé tirẹ̀ gbà. Ní 2010, ó ti London wá sí ọjà Alaba l'Ékòó, ó ń ra ẹ̀tọ́ láti gbé fíìmù Nàìjíríà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. YouTube ló kọ́kọ́ lò, owó ìpolówó ló sì ń pa níbẹ̀. Nígbà tó di ìparí 2011, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bastian Gotter, ṣí iROKOtv, níbi tí òǹwòran ti wá ń san àsansílẹ̀ owó lẹ́yìn náà. Tiger Global ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àmọ́ nílé níbí, owó dátà ga, náírà sì ń já wálẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló ń sanwó gidi. Ní 2019, wọ́n ta ROK, ẹ̀ka tó ń ṣe fíìmù, fún Canal+ ti ilẹ̀ Faransé. Ní 2020, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n sì gbájú mọ́ oníbàárà òkè òkun.

Ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó fi owó fẹ ìsọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye ẹni tó lè sanwó nínú àwọn tó ń wò.