Òjé Inú Omi: Àwọ̀ Lè Tú Àṣírí Rẹ̀

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ òjé Ogijo ti jáde ní 2025, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ ní ìpàdé: ṣé omi kànga wa ní Sábó dára?

Ogijo kò ṣe àjèjì sí wa, ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù kan náà ni. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ti fọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù, tí wọ́n yọ́ òjé inú rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn New York Times àti The Examination jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò, 7 nínú 10 ni òjé ti pọ̀ jù lára wọn. Eruku àti èéfín ni ẹ̀sùn náà pọ̀ sí lọ́rùn, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n òjò a máa gbá eruku lọ sínú kànga tí kò ní ìdérí.

Òjé inú omi kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Sísè kò lè lé e. Bí omi bá ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ni òjé ń ki sí i. Èyí tí òfin Nàìjíríà gbà láàyè kò ju 0.01 mìlígíráàmù lọ nínú lítà kan. Ojú ta ló fẹ́ rí ìyẹn?

Wúrà ló lè rí i. Bí ẹyọ wúrà bá kéré ju ìbú irun orí lọ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kì í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti yẹtí mọ́. Nínú omi, á pupa bíi sóbò. Bí àwọn ẹyọ náà bá so pọ̀, á di àwọ̀ aró. Ní 2003, Juewen Liu àti Yi Lu ní Yunifásítì Illinois, Amẹ́ríkà, fi DNA ṣe okùn tó ń so wúrà yìí pọ̀. Òjé ló ń mú kí okùn náà já, wúrà ò ní lè kó jọ, omi á pupa. Pupa ni ewu níbẹ̀. Irú mìíràn wà tí aró ni ewu tirẹ̀, nítorí náà ẹ ka ìwé tó bá a wá.

Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ fi owó àjọ rà á. Àwa ò tíì gbà. Iyọ̀ àti ẹrẹ̀ inú omi náà lè mú wúrà so pọ̀. Ó dára láti fi mọ kànga tó yẹ ká kọ́kọ́ gbé omi rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, àmọ́ kò tó láti fi dájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí á mú omi tirẹ̀ mọ́ èyí tí a ó gbé lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Kó sọ bóyá kànga náà ní ìdérí, àti bóyá àwọn tó ń tún bátìrì ṣe wà nítòsí.