Quasicrystal tí a fi ìmọ́lẹ̀ kọ́: ètò tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe

Iṣẹ́ tí Ulrich Schneider àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge gbé jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ti sọ Bose glass, orúkọ tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́yìn òde yàrá ìwádìí, di ohun tí ó wọ inú àkọlé ìròyìn. Gíláàsì inú orúkọ náà ni ó ń tètè fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣòro lóye jù, tí ó sì lẹ́wà jù, ni ibi tí wọ́n kó àwọn átọ́ọ̀mù náà sí, ìyẹn quasicrystal tí a fi ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́.

Nínú kírísítálì gidi, bí i ti iyọ̀, àwọn átọ́ọ̀mù tò ní ìrísí kan tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdáwọ́ dúró. Gẹ́gẹ́ bí táìlì ilẹ̀, èyí tí ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà ọgbọọgba lè bo ilẹ̀ láìsí àlàfo, ṣùgbọ́n elẹ́gbẹ̀ẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́jọ kò lè dá a ṣe. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi gbà fún ìgbà pípẹ́ pé irú ìrísí bẹ́ẹ̀ kò lè sí nínú ohun líle. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin ọdún 1982, Dan Shechtman, ọmọ Ísírẹ́lì tí ó ń ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà, rí i nínú àdàlù alumíníọ̀mù àti mangánísì: ètò tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe, tí a ń pè ní quasicrystal. Linus Pauling, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà á gbọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1994, ṣùgbọ́n Shechtman gba Nobel ti kẹ́mísírì ní ọdún 2011. Àṣìlóye tí ó ṣì wọ́pọ̀ ni pé ohun tí kò tún ara rẹ̀ ṣe ti di rúdurùdu, bẹ́ẹ̀ ètò quasicrystal pé pérépéré.

Ọ̀nà tí Cambridge gbà kọ́ tiwọn ni ó jẹ́ kí èyí hàn kedere. Bí ìtànṣán lésà bá kọlu dígí tí ó sì padà gba ọ̀nà tí ó bá wá, ìgbì tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ yóò pàpọ̀ di ìgbì kan tí ó dúró lójú kan, tí ibi ìmọ́lẹ̀ àti ibi òkùnkùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn ní àlàfo kan náà. Bí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ méjì bá dábùú ara wọn, kírísítálì onígun mẹ́rin lásán ni wọn yóò yà. Wọ́n wá fi méjì mìíràn kún un, tí wọ́n yí sí ìwọ̀n dígírì 45 sí ti àkọ́kọ́, lórí pẹrẹsẹ kan náà. Láti igun kan onígun mẹ́rin ọgbọọgba dé igun tí ó kọjú sí i jẹ́ ìlọ́po 1.41421… ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà tí àwọn díjíìtì rẹ̀ kò lópin, tí kò sì sí odidi nọ́ńbà méjì tí a lè fi ọ̀kan pín èkejì láti rí i géérégé. Nítorí náà, níbi tí bátànì méjèèjì bá ti bára mu lẹ́ẹ̀kan, kò tún sí ibòmíràn títí ayé tí wọn yóò ti bára mu bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò súnmọ́ ọn lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ igun, àwọ̀ lésà àti ipò dígí lè ṣírò bí ibikíbi yóò ṣe rí.

Inú ìmọ́lẹ̀ yìí ni wọ́n kó átọ́ọ̀mù pòtásíọ̀mù-39 sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un tutù dé ìdá bílíọ̀nù mélòó kan ìwọ̀n dígírì sí òpin òtútù, níbi tí gbogbo átọ́ọ̀mù ti ń hùwà bí ìgbì kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ físíìsì Bose àti Einstein ti sọ tẹ́lẹ̀ ní 1924 àti 1925. Bí wọ́n ṣe ń fi agbára kún lésà, ìgbì kan ṣoṣo náà fọ́ sí agbo kéékèèké tí ìṣísẹ̀ wọn kò bára mu mọ́, tí wọn kò sì lè ṣàn láti òpin kan dé èkejì. Èyí ni Bose glass, tí wọ́n ti ń ṣàlàyé nínú ìṣirò láti ìparí àwọn ọdún 1980.

Àwọn kan ti ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù, nítorí pé ohun tí ó há sójú kan kì í tètè gbàgbé ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ìrètí náà bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ó jọ pé ó ti sáré kọjá ẹ̀rí. Bákan náà ni ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má pe ìmọ́lẹ̀ yìí ní ẹ̀dà àdàlù Shechtman: nínú irin, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń rìn, méjì wọn kò sì lè wà ní ipò kan náà, nígbà tí pòtásíọ̀mù-39 lè kóra jọ sí ipò kan ṣoṣo láìníye.