Ọjà Iná Mànàmáná

Bí àgbàdo bá pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, àgbẹ̀ a rọra kó tirẹ̀ sínú àká, a sì dúró de ìgbà tí yóò tún gbówó lórí. Ẹni tí ń ta ẹja tútù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò tà á ní iyekíye kí ó má bàa bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ti iná mànàmáná tilẹ̀ le ju ti ẹja tútù lọ, nítorí pé ìṣẹ́jú tí a bá ṣe é náà ni a gbọ́dọ̀ lò ó. Lóòótọ́, bátìrì lè tọ́jú díẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí odidi orílẹ̀-èdè ń lò lójúmọ́. Ìdí nìyí tí owó iná kì í fi í dúró sójú kan níbi tí a bá ti ń tà á lọ́jà.

Orílẹ̀-èdè Nọ́wè wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ní ọdún 1991. Ní ọdún 1996, Swídìn dara pọ̀ mọ́ wọn, ọjà náà sì di ti orílẹ̀-èdè méjì. Kí ọjọ́ tó kan àtàrí ni olúkúlùkù tí ń ṣe iná ti ń sọ iye tí yóò ṣe lọ́la àti owó tí yóò gbà. Àwọn tí ń rà á náà a sì sọ tiwọn. A ó to àwọn tí ń tà láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Ibi tí iná bá ti tó gbogbo ènìyàn ni a ó dúró, owó ẹni tí a dúró lé lórí ni gbogbo wọn yóò sì gbà. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá pọ̀, owó yóò kéré. Bí ó bá di dandan kí a tan ẹ̀rọ onígáàsì, owó gáàsì ni yóò pinnu ti gbogbo wọn.

Ó ṣe pàtàkì nígbà náà láti mọ owó ọ̀la ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin fẹ́ mọ wákàtí tí iná yóò pọ́n. Ẹni tí ó sì ti bá àwọn onílé ṣe àdéhùn owó kan kò fẹ́ ra iná ní owó tí ó ju èyí tí ó ń gbà lọ. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ fi ń ṣe ìṣirò. Bí owó agogo méje alẹ́ àná bá jẹ́ 40 yúrò, tí ti irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá sì jẹ́ 50, wọ́n lè mú 45 tí ó wà láàrin. Bí a bá sọ pé òtútù yóò mú, tí àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ sì fi hàn pé irú òtútù bẹ́ẹ̀ a máa fi 6 lé owó, wọn yóò sọ pé 51 ni ti ọ̀la.

A kì í gba ìṣirò náà gbọ́ láìdán an wò. A ó mú odidi ọdún kan tí kò rí rí, a ó jẹ́ kí ó sọ owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi wé owó tí ọjà san gan-an. A ó tún fi í wé ọgbọ́n òpè tí ń sọ pé owó àná náà ni ti ọ̀la. Ìṣirò tí kò bá ju ọgbọ́n òpè yìí lọ, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Síbẹ̀, ọjọ́ àjèjì ń bẹ. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2023, ní Jámánì, ọjọ́ Ìsinmi ni, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wà ní títì, oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ sì fẹ́. Iná pọ̀ débi pé fún wákàtí kan, ẹni tí ń tà á ni ó ń san 500 yúrò fún ẹni tí ń gbà á, lórí mẹ́gáwáàtì wákàtí kan, èyí tí ó tó láti tan gílóòbù 10,000 oníwáàtì 100 fún wákàtí kan. Ní Texas ní Amẹ́ríkà, ìdàkejì ni ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021. Òtútù tí ó ju èyí tí wọ́n ṣírò lọ mú kí gáàsì àti ẹ̀rọ dì gbagidi. Owó tí kò tó 30 dọ́là ní ìpíndọ́gba ọdún tí ó ṣáájú di 9,000 dọ́là fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn onílé tí ń san owó ọjà rí ìwé owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là gbà, ìpínlẹ̀ náà sì ka òkú 246 nínú àjálù òtútù yẹn.

Ọjọ́ tí ìṣirò wúlò jù, ọjọ́ náà gan-an ni ó rọrùn jù fún un láti ṣìnà, nítorí pé inú ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ni ó ti ń kọ́ ọgbọ́n. Nítorí náà, onímọ̀ tí ó gbọ́n kì í dá iye kan ṣoṣo. Yóò sọ pé nínú ọjọ́ 100, owó yóò wà láàrin 35 àti 70 yúrò ní ọjọ́ 90; yóò sì kìlọ̀ pé kí a múra sílẹ̀ de 10 tí ó kù. Àwọn àgbà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún.