Ọtí àti Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Òbí

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ rí ti di Yunifásítì, a sì ti fi orúkọ olóògbé Bámidélé Olúmilùà sọ ọ́. Ayọ̀ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí àwọn ọ̀dọ́ bá pọ̀ sí, tí ojú òbí kò sì tó wọn, ọtí kì í jìnnà sí ibẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa kò yí padà: ẹni tí kò bá mu ún rárá ni ó sàn fún jù. Síbẹ̀, láàrin àwọn ọmọ tí a fi àdúrà rán lọ ni a ti ń rí àwọn tí ń mu ún. Ǹjẹ́ kí a bá wọn wí, kí a sì dákẹ́? Rárá o. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ọmọ gbọ́ láti ẹnu òbí rẹ̀ kí ó tó di ẹrù rẹ̀, yálà ó ń mu ọtí tàbí kò mu ún.

Èkíní, kí ó mọ agbára ọtí. Ọtí líle inú ọ̀rá kékeré, tí ó jẹ́ mílílítà 30, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 40 nínú 100, ní mílílítà 12 ògidì ọtí nínú. Ìgò bíà ńlá kan, tí ó jẹ́ mílílítà 600, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5, ní 30. Ẹ̀dọ̀ki ni ó ń pa agbára ọtí nínú ara, kò sì lè ṣe ju nǹkan bí mílílítà 10 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá fa ọ̀rá mẹ́rin mu lẹ́ẹ̀kan náà ti di ẹrù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ wákàtí márùn-ún lé e lórí. Omi tútù, kọ́fí tàbí epo pupa kò lè mú iṣẹ́ náà yá. Kí ẹni tí yóò mu jẹun ṣáájú, kí ó mu díẹ̀, kí ó má sì gun alùpùpù lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì, kí ó sá fún ọtí tí a kò mọ ibi tí ó ti wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Orí fọ́ wọn, ojú wọn sì ṣú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé tí a ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù, tí ó wà nínú ògógóró, ni ó pa wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ó ká wa lára jù. Nígbà tí ọtí pa Nóà, Hámù lọ ròyìn rẹ̀ níta, ṣùgbọ́n Ṣémù àti Jáfẹ́tì fi ẹ̀yìn rìn lọ da aṣọ bò ó. Lónìí, Hámù ti ní fóònù lọ́wọ́, ó sì ń ya àwòrán. Kí ọmọ wa ṣe bí Ṣémù, kí ó sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn, kí èébì má baà dí i ní ọ̀fun. Kí ó má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí ó jókòó tì í, nítorí ọtí tí ó kù nínú ikùn ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti ń sùn. Bí a bá pè é tí kò dáhùn, bí mímí rẹ̀ kò bá tó mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, bí ara rẹ̀ bá tutù, ilé-ìwòsàn ni ó kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kí ni kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé ara wọn lọ? Ìbẹ̀rù ni. Wọ́n ń bẹ̀rù òbí, wọ́n ń bẹ̀rù ìjọ, wọ́n a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó ń kú lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ sọ ọ́ fún wọn kedere: "Bí ó tilẹ̀ di òru, pè mí. Ẹ̀mí ni a ó kọ́kọ́ gbà, ìbáwí yóò wá lẹ́yìn."

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Ọlọ́run kí ó pa àwọn ọmọ wa mọ́. Àmín.